Bí mo ṣe fi rúlà wọn ohun tí ojú ò lè rí

Átọ̀mù, ẹyọ kékeré tí gbogbo nǹkan fi pọ̀, ni mo fẹ́ wọn, láìsí ẹ̀rọ kankan. Òróró ólíìfù, àtíkè, ọ̀rá dúdú àti rúlà ni mo lò, kò sì sí èyí tí ẹ ò ní rí rà ní ọjà Ìkòròdú.

Mo kan pákó mẹ́rin pọ̀, ẹsẹ̀ bàtà méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo tẹ́ ọ̀rá sínú rẹ̀, mo sì bu omi kànga tó tòrò sí i. Ẹ má fi ọṣẹ fọ ọ̀rá náà o! Ọṣẹ tó bá ṣẹ́ kù á ti gba ojú omi kí òróró tó dé, òróró ò wá ní ráyè tàn. Omi gbígbóná ni kí ẹ fi ṣàn án. Mo ti fèrèsé, torí atẹ́gùn ọ̀sà kì í gbẹ́bẹ̀, mo wá gbọn àtíkè sójú omi fẹ́ẹ́rẹ́. Tí àtíkè bá pọ̀ jù, á dí òróró lọ́nà.

Ẹ̀kán òróró gan-an ni iṣẹ́ wà. Mo tẹ fọ́nrán kan láti inú wáyà iná bí ìwọ̀, mo tì í bọ òróró, mo gbọ̀n ọ́n títí ohun tó kù fi kéré gan-an. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà, mo fi awò asọ-nǹkan-di-ńlá wò ó: 0.5 mm. Ẹni tó bá ka 0.6 ti fi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún bu òróró kún òróró, torí ẹ̀ẹ̀mẹta la máa kọ ìwọ̀n yẹn, ká fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀, láti mọ bí òróró inú ẹ̀kán náà ṣe pọ̀ tó.

Bó ṣe kan omi, àtíkè sá sẹ́yìn, ojú dúdú róbótó ṣí sílẹ̀, 22 cm láti etí dé etí. Òróró 0.065 mm³ ló bo 38,000 mm². Ẹ fi èkejì pín àkọ́kọ́, ẹ ó rí bí òróró náà ṣe nípọn tó: 0.0000017 mm. Lord Rayleigh, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe irú rẹ̀ ní 1890, iye tó rí ò jìnnà sí èyí.

Ẹ dúró ná, átọ̀mù kọ́ nìyẹn. Gíga mólékù kan, ìyẹn àwọn átọ̀mù tó so pọ̀ di ọ̀kan, ni: orí rẹ̀ fẹ́ omi, ìrù rẹ̀ kọ̀ ọ́, gbogbo wọn bá tò ní ìpele kan ṣoṣo. Átọ̀mù kábọ́ọ̀nù 18 ló so kọ́ra nínú ìrù kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ọ̀kan gba nǹkan bí 0.0000001 mm. Mólékù òróró yìí sì ní átọ̀mù 167. Tí ẹ bá ṣírò gbogbo átọ̀mù tó wà nínú ẹ̀kán náà, wọ́n tó 7 tí òdo 18 tẹ̀ lé.

Ẹ da omi náà nù kí ẹ tó tún un ṣe. Òróró ti gba ojú rẹ̀, ẹ̀kán kejì ò ní tàn tó ti àkọ́kọ́.