Bí Mo Ṣe Yan Dráìfù Tuntun fún Kọ̀ǹpútà Tí Mo Fi Ń Ṣe Fídíò

Iṣẹ́ àtúntò fídíò ni mo ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, lẹ́yìn Ojúde Ọba ni iṣẹ́ sì máa ń wọ̀ mí lọ́rùn jù lọ, nítorí pé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́-orí kan náà) kọ̀ọ̀kan ló ń fẹ́ fọ́nrán tirẹ̀ kí ayọ̀ ọdún tó tutù. Lọ́dún tó kọjá, mo jókòó ti fọ́nrán 4K àwọn ẹlẹ́ṣin ìdílé Balógun, ṣùgbọ́n bí mo bá ti sún un síwájú díẹ̀, àwòrán á dúró gbagidi: ẹṣin á gbé ẹsẹ̀ sókè, kò ní sọ ọ́ kalẹ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n fi kún RAM, ìyẹn ìrántí tí kọ̀ǹpútà ń lò fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kí n tó náwó, mo ṣí Task Manager, ojú ìwé Windows tó ń fi ohun tí kọ̀ǹpútà ń lò hàn, sílẹ̀ bí iṣẹ́ ti ń lọ lọ́wọ́, mo sì rí i pé RAM kò tíì lò tó ìdajì, nígbà tí dráìfù, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pa mọ́ sí, wà ní 100% tí kò sì kúrò níbẹ̀. Háàdì dísìkì tó ń yí nígbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan ni. Apá kékeré kan ló ń sáré káàkiri orí àwo rẹ̀ láti wá ohun tí a béèrè. Windows, fọ́nrán, àti àwọn fáìlì onígbà díẹ̀ tí ètò àtúntò ń kọ sílẹ̀, gbogbo wọn ló ń fa apá kan náà.

Irú háàdì bẹ́ẹ̀ kì í sábà kà ju nǹkan bí 100 sí 150 MB (mégábáìtì) lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. SSD, ìyẹn dráìfù tí kò ní àwo tó ń yí, lè kà tó 550 bó bá ń gba ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní SATA. NVMe, ìyẹn SSD tó ń gba ọ̀nà PCIe 3.0 tó yá jù ú lọ, lè tó 3,500. Ṣùgbọ́n ojú ihò inú kọ̀ǹpútà ló ń pinnu èyí tó lè wọlé. Orúkọ ìrísí SSD pẹlẹbẹ tó ń wọ ihò náà ni M.2, kì í ṣe orúkọ ìyára, nítorí náà SATA àti NVMe lè jọra bí ìbejì. Mo tú ìdí kọ̀ǹpútà mi, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo sì ka ìwé rẹ̀ títí mo fi rí i pé ó gba NVMe. Nígbà tí ọmọkùnrin tó ń tajà sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn," mo yí èyí tó gbé fún mi wò, mo rí i pé ẹnu rẹ̀ gé ní ibi méjì bíi ti ọ̀pọ̀ SATA, mo sì dá a padà.

Mo ra NVMe 1 TB oní-TLC dípò 2 TB oní-QLC (irú ohun ìpamọ́ inú SSD ni TLC àti QLC) tí owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, torí pé bí a bá ń da fọ́nrán púpọ̀ sínú QLC lẹ́ẹ̀kan, tí àyè kékeré inú rẹ̀ tó ń yára gba nǹkan bá kún, ìkọ̀wé rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀ gan-an. Windows, ètò àtúntò àti fáìlì onígbà díẹ̀ ni mo kó síbẹ̀. Fọ́nrán wà lórí SSD oní-SATA tí mo fi rọ́pò háàdì àtijọ́: kámẹ́rà mi ń kọ mégábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá, bíìtì 8 ló sì ń di báìtì kan, nítorí náà bí a bá pín in sí 8, MB 12.5 péré ni. SATA tó o, ó tún ṣẹ́ kù. Háàdì àtijọ́ di ibi ìpamọ́ iṣẹ́ tí mo ti parí.

Ní báyìí, fọ́nrán ń tẹ̀ lé ọwọ́ mi láìdúró. Gbígbé iṣẹ́ jáde nígbà tó bá parí ni kò fi bẹ́ẹ̀ yá sí i, nítorí iṣẹ́ CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) àti káàdì àwòrán nìyẹn.