Bí A Ṣe Ń Múra Ẹgbẹ́ Olórin Àtijọ́ Sílẹ̀ fún Ìtàgé

Ẹgbẹ́ olórin tó ti tú ká tipẹ́ kò gbọdọ̀ fi ìpolongo bẹ̀rẹ̀ ìpadàbọ̀ rẹ̀. Àdéhùn ni kí ẹ kọ́kọ́ jókòó lé lórí: ta ló ni orúkọ ẹgbẹ́, báwo ni ẹ ó ṣe pín owó, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá tún kúrò? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo yín sì fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi alẹ́ kan ṣoṣo dán ara yín wò. Ẹ wo The Rascals, ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà tó da orin sóòlù pọ̀ mọ́ rọ́ọ̀kì ní àwọn ọdún 1960: àwọn mẹ́ta ló rìnrìn àjò orin ní 1988 láìsí akọrin wọn Eddie Brigati, ṣùgbọ́n ní 2010 àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ṣeré níbi àsè ìkówójọ kan ní New York, kí Steven Van Zandt, onígìtá ẹgbẹ́ Bruce Springsteen, tó gbé eré ńlá kalẹ̀ fún wọn ní Port Chester, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ New York, ní oṣù Kejìlá ọdún 2012.

Ibi ìdánrawò ni iṣẹ́ gan-an wà. Felix Cavaliere, akọrin àti atẹdùrù The Rascals, ti pé ẹni àádọ́rin ọdún nígbà eré yẹn, bẹ́ẹ̀ ohùn àgbà kì í gòkè bíi ti ọ̀dọ́. Ẹ fa kíì orin (ìpele ohùn tí ẹ fi ń kọ ọ́) wálẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí onígìtá gbọ́dọ̀ tún ibi tí ìka rẹ̀ ń tẹ̀ kọ́. Nígbà èwe wọn, The Rascals kò ní oníbàsì lórí ìtàgé. Cavaliere ló ń fi ẹsẹ̀ tẹ ohùn ìsàlẹ̀ lórí dùrù oníná Hammond, tí ọwọ́ rẹ̀ ń ta á, tí ẹnu rẹ̀ sì ń kọrin. Ta ló fẹ́ fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ han àgbàlagbà léèmọ̀? Ẹ háyà oníbàsì àti àwọn elégbè. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀.

Bí ẹ bá ń lo Hammond pẹ̀lú sípíkà Leslie, máìkì kan kò tó, nítorí ìwo tó wà lókè sípíkà yìí ń yí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà sì ń yí. Ẹ gbé máìkì méjì sókè, lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ sì gbé ẹyọ kan sísàlẹ̀, kí àwùjọ lè gbọ́ bí ohùn náà ṣe ń gbọ̀n láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì.

Ní ti ètò orin, ẹ má ṣe to orin kíákíá mẹ́ta tẹ̀léra. Ní Port Chester, fíìmù àti ìtàn tí àwọn akọrin fẹnu ara wọn sọ lórí àwòrán ló ń wọ àárín orin, èémí àwọn àgbà sì ń balẹ̀. Kí omi àti aṣọ ìnura gbígbẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ onílù, torí òun ni kò rí ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀ nígbà tí orin bá ti gbóná.