Tápẹ́ẹ̀tì tó ń dún ta-ta-ta: ẹ má tíì tú ẹ́ńjìnì o

Ẹ̀yin ará, ẹni tí ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ti gbó tí ẹ́ńjìnì ń dún ta-ta-ta lókè, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì sáré ra tápẹ́ẹ̀tì (irin kékeré tí ọ́ìlì ń wọ inú rẹ̀, tó ń ti fáàfù ẹ́ńjìnì ṣí). Tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì láàárọ̀ ló ń dún tó sì dákẹ́ kíá, ọ́ìlì ló sàn jáde nínú tápẹ́ẹ̀tì mọ́jú, ìyẹn ò le. Èyí tó ń dún títí ẹ́ńjìnì fi gbóná ni kẹ́ ẹ wò dáadáa.

Ẹ fa géèjì ọ́ìlì yọ ná. Tó bá ti lọ sílẹ̀, wàhálà ni, tó bá sì pọ̀ jù, wàhálà náà ni, torí crankshaft (ọ̀pá irin ńlá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì) á máa lù ú títí á fi hó bí ọṣẹ, atẹ́gùn á wá wọnú tápẹ́ẹ̀tì, kò ní lè dúró gírí mọ́.

Èmi o, screwdriver gígùn ni mo máa ń lò, ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan ìdérí fáàfù, ẹ fi etí ti ìdí rẹ̀ (ẹ ṣọ́ fáànù o!), ibi tó ti ń dún jù ni tápẹ́ẹ̀tì tó ń dún náà wà. Àmọ́ gásíkẹ́ẹ̀tì exhaust tó ń jò máa ń dún bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ wo èéfín dúdú tó lẹ̀ mọ́ etí ẹ̀, ó ti tàn mí jẹ rí.

Tí oil pressure (agbára tí ọ́ìlì fi ń sàn nínú ẹ́ńjìnì) bá dáa, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fítà, kẹ́ ẹ wà á fúngbà díẹ̀. Tó bá ṣì ń dún, ẹ yọ tápẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ìdí rẹ̀: tó bá ti jẹ kòtò, camshaft (ọ̀pá tó ń yí tó ń ti tápẹ́ẹ̀tì) náà ti jẹ nìyẹn, tápẹ́ẹ̀tì tuntun lórí camshaft tó ti jẹ ò ní pẹ́ bàjẹ́.