Ìtọ̀ tí kò jáde bọ̀rọ̀: ṣé ìrònú ni àbí prostate?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 56 ni mí, dánfó ni mò ń wà láti Ìkòròdú sí Mile 12. Ó tó oṣù mẹ́ta tí olówó tí mò ń san owó ọkọ̀ fún díẹ̀díẹ̀ ti ń dún mọ̀huru-mọ̀huru mọ́ mi. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ tọ̀, màá dúró títí, ìtọ̀ á wá máa kán tó, tó. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mò ń jí lóru. Àwọn ará gáréèjì ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ṣé ìrònú lè ṣe irú èyí?

Ìdáhùn: Ó lè dá kún un. Prostate jẹ́ ẹran ara kékeré lábẹ́ àpò ìtọ̀, ó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká bí òrùka ṣe ń yí ìka ká. Bí ọkùnrin bá ti lé ní 50, ó sábà máa ń tóbi, tí á máa fún ọ̀nà náà. Iṣan sì wà nínú rẹ̀ àti lẹ́nu àpò ìtọ̀. Bí àyà wa bá já, ara á tú adrenaline, èròjà tó ń mú wa gbára dì láti jà tàbí láti sá, sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn iṣan náà á le. Ara kò mọ̀ pé olówó tó ń pè lórí fóònù kì í ṣe ẹkùn! Ẹ rántí ìgbà tí ẹ ń tọ̀ tí kọ̀ńdọ́ ń kígbe pé "Ọ̀gá, ó ti kún!" Ṣé ìtọ̀ náà kì í sá padà ni?

Oògùn tamsulosin tí dókítà máa ń kọ, àwọn iṣan yẹn ló ń dẹ̀. Ṣùgbọ́n òòyì lè kọ́ ẹni tó bá lò ó, ẹ sọ fún dókítà pé awakọ̀ ni yín. Ẹ má dá a rà ní kẹ́míìsì.

Ìbéèrè: Nígbà tí mo bá san gbèsè tán, ṣé ó máa lọ?

Ìdáhùn: Ó lè fúyẹ́, àmọ́ prostate tó ti tóbi kò ní tìtorí ìyẹn súnkì. Ìtọ̀ ṣúgà náà máa ń jí èèyàn lóru. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba fún àyẹ̀wò ìtọ̀, ṣúgà àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún prostate tí wọ́n ń pè ní PSA. Dókítà lè fi ìka yẹ prostate wò láti ojú ihò ìdí. Ibi táwọn ọkùnrin wa ti ń sá lọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ kì í tó ìṣẹ́jú kan.

Ìbéèrè: Ẹ̀rù jẹjẹrẹ ń bà mí.

Ìdáhùn: Kò sí ẹ̀rí tó dájú pé ìrònú ló ń fà á. Ọjọ́ orí, àti bí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n bá ti ní in, ni kí ẹ fọkàn sí. Ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. PSA tó ga kì í fìgbà gbogbo jẹ́ jẹjẹrẹ.

Ìbéèrè: Agbo jẹ̀díjẹ̀dí ńkọ́?

Ìdáhùn: Èyí tí wọ́n fi ọtí pò? Ọtí ń mú ìtọ̀ pọ̀, obì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Oògùn kátà tó ní pseudoephedrine tún ń fún àwọn iṣan yẹn pọ̀. Ẹ máa mu omi lọ́sàn-án, kí ẹ dín in kù bí wákàtí méjì kí ẹ tó sùn. Bí ẹ bá tọ̀ tán, ẹ mí kanlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tún gbìyànjú.

Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá kọ̀ jálẹ̀ tí abẹ́ ìdodo ń wú, tàbí ibà tàbí ẹ̀jẹ̀ bá bá a wá, ilé ìwòsàn ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n á ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ọ̀nà ìtọ̀ tó bá dí kó lè dà. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́, kódà kó jẹ́ agogo méjì òru.