Bí mo ṣe fi orúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú ọkàn ní England láì gba ọ̀dọ̀ GP

Ọ̀pọ̀ wa tí a ń gbé ní England ló rò pé GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, gbọ́dọ̀ kọ̀wé kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ tó rí ìtọ́jú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti pé ọdún 18, tó sì ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP kan, lè fúnra rẹ̀ lọ sí NHS Talking Therapies, ètò ìtọ́jú ọkàn nípa ọ̀rọ̀ sísọ tí NHS, ètò ìlera ìjọba, ń ṣe. Ọ̀fẹ́ ni. Ìrẹ̀wẹ̀sì, àníyàn tí kì í lọ, ìpayà òjijì: irú èyí ni wọ́n ń bójú tó.

Orí nhs.uk ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ orúkọ GP mi, ibùdó àdúgbò mi jáde, mo sì kún fọ́ọ̀mù wọn. Wọ́n béèrè bóyá mo fẹ́ ògbufọ̀. Ẹ má fi ìtìjú fo ibẹ̀ o. Ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ lè má rí ọ̀rọ̀ sọ nípa ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn àfi ní Yorùbá. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀. Ẹ má sì lo ọmọ yín, torí ohun tí ẹ kò fẹ́ kó gbọ́ gan-an ni wọ́n máa bi yín.

Ìwé ìbéèrè méjì ló tẹ̀ lé e: PHQ-9 fún ìrẹ̀wẹ̀sì, GAD-7 fún àníyàn. Ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá ni wọ́n ń béèrè, ìdáhùn sì wà láti 0 (rárá) dé 3 (bí ojoojúmọ́). Ibí ni àwa Yorùbá ti ń ṣi í ṣe. Kí wọ́n tó béèrè tán bí ara ti rí, "a dúpẹ́" ti jáde lẹ́nu wa. Ẹni tí kò rí oorun sùn lóru mẹ́wàá nínú mẹ́rìnlá á mú "ọjọ́ mélòó kan", ìyẹn 1, bẹ́ẹ̀ ó ti ju ìdajì lọ, 2 ni. Àpapọ̀ àmì tó bá tó 10 lórí PHQ-9 tàbí 8 lórí GAD-7 ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti tó ohun tí à ń tọ́jú, nítorí náà "a dúpẹ́" mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè fi yín sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kàlẹ́ńdà ni mo gbé síwájú, mo ń ka òru kọ̀ọ̀kan padà sẹ́yìn kí n tó mú nọ́ńbà.

Níbi tí wọ́n ti ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ara mi, mo kọ ọ́ bó ṣe rí lára: orí ń gbóná, àyà ń já, bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí mi. Mo fi kún un pé ìgbà tí ìrònú bá pọ̀ ló ń ṣẹlẹ̀. Láìsí gbólóhùn yẹn, wọ́n lè rò pé ibà ni.

Ìbéèrè kẹsàn-án nínú PHQ-9 ń béèrè nípa èrò ikú. Ẹ sọ òtítọ́. Láti 1961 ni gbígbìyànjú láti pa ara ẹni kì í ti í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ òfin níbí, kò dà bíi ti ilé. Bí èrò náà bá ti ń le, ẹ má dúró de fọ́ọ̀mù: ẹ pe 111 ti NHS, kí ẹ tẹ 2, tàbí Samaritans, ẹgbẹ́ tó ń tẹ́tí sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo, lórí 116 123, tọ̀sán tòru, lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu lójú ẹsẹ̀, 999 ni.

Ìpè wọn àkọ́kọ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́: nọ́ńbà kò hàn, mo ní oníjìbìtì ni. Àtẹ̀jíṣẹ́ tẹ̀ lé e pé bí n kò bá pè padà, wọ́n á pa fáìlì mi dé. Ẹ máa gbé irú ìpè bẹ́ẹ̀. Inú ọkọ̀ ni mo ti sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà, torí ilé tí a jọ ń gbé kò ní kọ̀rọ̀.

Ìrànwọ́ tí èèyàn ń fúnra rẹ̀ ṣe pẹ̀lú olùtọ́sọ́nà ni wọ́n fún mi: ìwé iṣẹ́ ṣíṣe, àti ẹnì kan tó ń pè mí, ó máa ń tó ìgbà mẹ́fà sí mẹ́jọ. Kí ó tó kàn mí, mo lọ yá ìwé nípa ìlera ọkàn lábẹ́ ètò Reading Well ní láíbìrì àdúgbò, mi ò san nǹkan kan.