Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí Ìjọ Bá Ń Fi Bọ́ọ̀lù Ṣe Iṣẹ́ Ìhìnrere ní Kétu, Sábẹ̀ àti Àjàṣẹ́

Kò sí àdúgbò kan ní Kétu, Sábẹ̀ tàbí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí ẹ máa gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ sí tí ọmọdé ò ní pé lé e lórí kíá. Ìrọ̀rùn yẹn gan-an ló ń ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ìjọ á rí èrò, á rò pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí pápá á fi dá páropáro, tí àwọn òbí á sì máa fa ọmọ wọn sẹ́yìn bí wọ́n bá rí ẹni tó wọ ẹ̀wù ìjọ náà.

Ẹ má fi bọ́ọ̀lù bojú

Èyí ló burú jù. Wọ́n á kéde pé ìdíje bọ́ọ̀lù ni. Àwọn ọmọ á dé, wọ́n á kó wọn jókòó sábẹ́ igi fún wákàtí kan ààbọ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ni bọ́ọ̀lù ogún ìṣẹ́jú á tó wáyé. Nínú agbo ilé kan ṣoṣo ní Àjàṣẹ́, ẹ lè bá Mùsùlùmí, Kátólíìkì, ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ (ìlú yẹn náà ni ìjọ wọn ti bẹ̀rẹ̀ ní 1947) àti ẹni tó ń bọ òrìṣà. Wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn gbé. Bàbá tó jẹ́ Mùsùlùmí kì í sábà bínú pé Kristẹni ni yín; ẹ̀tàn ló ń bí i nínú.

Kí ọmọ tó fẹsẹ̀ kan pápá, ẹ lọ bá òbí rẹ̀ nílé. Ẹ sọ ìjọ tí ẹ ti wá, ọjọ́ àti aago, pé ẹ máa ka Bíbélì, ẹ máa gbàdúrà, àti pé ọmọ tí òbí rẹ̀ ò fẹ́ ìyẹn lè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì ní torí ẹ̀ pàdánù eré. Kí ọ̀rọ̀ Bíbélì lórí pápá má ju ìṣẹ́jú 10 sí 15 lọ. Àárín eré ló yẹ ẹ́, nígbà tí wọ́n bá jókòó mu omi. Tí ẹ bá fi í sí ìparí, ilẹ̀ ti ń ṣú, ìyá ti ń pe ọmọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ yín.

Àwọn kan tún máa ń so ẹ̀wù bọ́ọ̀lù mọ́ ìpè ìyípadà: ẹni tó bá nawọ́ ló máa gba ẹ̀wù. Ọmọ tí ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ ti ya á nawọ́ fún yín lónìí, á nawọ́ fún ìjọ míì lọ́la. Tí ẹ bá wá ka ọwọ́ yẹn, tí ẹ sì kọ iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fi owó ràn yín lọ́wọ́, irọ́ lẹ kọ.

Ẹ má gbé ètò ọ̀sẹ̀ kalẹ̀ láìbi onílẹ̀

Ẹ rí baálẹ̀ àti chef de quartier (olórí àdúgbò). Tó bá jẹ́ pápá ilé ìwé, ẹ rí ọ̀gá ilé ìwé náà. Ẹ bi wọ́n: ta ló ni ilẹ̀, ìgbà wo ni orò máa ń jáde tí obìnrin kì í fi í rìn níta, ibo nínú igbó ẹ̀gbẹ́ pápá ni ọmọ kò gbọ́dọ̀ lé bọ́ọ̀lù wọ̀? Ọ̀sán Jímọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ń ná ọjà ọrọọrún, ètò «gbogbo Sátidé» máa ń kọlu ọjọ́ ọjà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí ọjọ́ ọjà kì í dúró lójú kan nínú ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ẹrù ló wà lórí àwọn ọmọ tí ẹ ń wá. Bí òjò bá sì bẹ̀rẹ̀, oko ni wọ́n wà.

Àwọn tó ṣòro jù láti rí ni àwọn vidomègon, ọmọ tí wọ́n fi sílé ẹlòmíràn. Wọ́n ń kiri ọjà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìkéde nínú ìjọ ò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ lọ bá ìyá tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ fún wákàtí kan ní ọ̀sán Sọ́ńdè. Ẹ má bá a jà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọ náà ni ìjà ọ̀hún máa já lé lórí.

Ẹ má to ọmọ méjìlélógún sẹ́yìn bọ́ọ̀lù kan

Eré 11 sí 11 lórí pápá ńlá máa ń mú kí ọmọ tó lágbára mẹ́ta gba bọ́ọ̀lù, kí àwọn yòókù máa sáré tẹ̀lé eruku. Tí ọmọ 24 bá wá, ẹ pín wọn sí ikọ̀ mẹ́rin ọlọ́mọ mẹ́fà, pápá kéékèèké méjì, nǹkan bíi mítà 40 sí 30 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú 10 ni eré kan, lẹ́yìn náà kí wọ́n pààrọ̀.

Bọ́ọ̀lù nọ́ńbà 4 ni ti ọmọ ọdún 8 sí 12. Nọ́ńbà 5, tí àyíká rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 68 sí 70, wà fún ọdún 13 sókè. Nọ́ńbà 5 tó le koko máa ń dun ẹsẹ̀ òfìfo, ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un. Òfin bọ́ọ̀lù gba afẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ jẹ́ atmosphere 0.6 sí 1.1; lórí ilẹ̀ pupa wa, ẹ dúró nítòsí 0.6. Ẹ fi omi tàbí òróró díẹ̀ pa abẹ́rẹ́ pọ́ǹpù kí ẹ tó kì í bọ̀ ọ́. Abẹ́rẹ́ gbígbẹ ló ń ya ẹnu bọ́ọ̀lù, tí bọ́ọ̀lù tuntun fi máa ń rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Pọ́ǹpù méjì àti abẹ́rẹ́ mẹ́wàá dára ju bọ́ọ̀lù mẹ́wàá tí ò ní pọ́ǹpù.

Ẹ má da ẹni tó wọ bàtà bọ́ọ̀lù pọ̀ mọ́ ẹlẹ́sẹ̀ òfìfo. Kí gbogbo wọn wọ̀ ọ́, tàbí kí gbogbo wọn bọ́ ọ. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kí ẹ ṣa ìgò fífọ́ àti òkúta. Òpó góòlù tí a ò rì mọ́lẹ̀ lè wó pa ọmọ tó bá rọ̀ mọ́ ọn. Tí ẹ ò bá lè rì í, okùn àti igi méjì tó.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ lè délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Bídọ̀n omi oní-lítà 20 tó fún ọmọ 24, nǹkan bíi lítà 0.8 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí oníkálukú ní kọ́ọ̀pù tirẹ̀.

Ẹ má ṣèlérí Yúróòpù

Ọ̀rọ̀ kan bíi «ọ̀rẹ́ wa kan lè mú ẹ lọ Faransé» ti tó láti mú kí ìdílé ta ilẹ̀. FIFA kò gbà kí wọ́n gbé agbábọ́ọ̀lù tí kò tíì pé ọdún 18 lọ orílẹ̀-èdè míì, àfi nínú àwọn ọ̀ràn díẹ̀ tí òfin náà kà sílẹ̀. Ẹni tó bá ní kí òbí wá owó ìwé àṣẹ wá, ẹ lé e kúrò ní pápá. Ẹ̀bùn owó nínú ìdíje náà ń ba nǹkan jẹ́: ọdún ọmọ á di irọ́, akọ́ni á fi ọmọ tó ya arọ tàbí tí kò mọ̀ ọ́n gbá sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ẹ torí ẹ̀ wá nìyẹn.

Ti àwọn ọmọbìnrin, ẹ má retí pé wọ́n á wá fúnra wọn. Ẹ wá akọ́ni obìnrin, ẹ bá ìyá wọn sọ̀rọ̀ lórí aago ìpọnmi àti oúnjẹ alẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ wọ ṣòkòtò gígùn tàbí ìbòrí wọ̀ ọ́.

Ẹ má fi àgbàlagbà kan ṣoṣo ti ọmọ

Àgbà méjì ni ó kéré jù ní gbogbo ìgbà. Kí ẹnikẹ́ni má gbé ọmọ sẹ́yìn ọ̀kadà lọ sílé òun nìkan, ìbáà jẹ́ pásítọ̀. Òfin àwọn ọmọdé ti 2015 wà ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹjọ́ irú èyí kì í ṣe ohun tí ìgbìmọ̀ ìjọ máa parí sí kọ̀rọ̀. Fọ́tò ọmọ tó wọ àkísà, tí ẹ fi ń wá owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ gba àyè lọ́wọ́ òbí rẹ̀ ná.

Nígbà ìsinmi ni àwọn àlejò láti òkèèrè máa ń wá. Wọ́n á gbé báàgì bọ́ọ̀lù wá, wọ́n á darí eré fúnra wọn, wọ́n á lọ, bọ́ọ̀lù á sì wà ní títì nínú yàrá pásítọ̀. Láti ọjọ́ kìíní, ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ìlú darí eré, kí àlejò máa gbé omi. Ẹ kó bọ́ọ̀lù sínú àpótí oní-kọ́kọ́rọ́ méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ìjọ, kí èkejì wà lọ́wọ́ ẹni tí àwọn òbí fúnra wọn yàn, kó tilẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí.