Kẹ́ ẹ tó ra ẹ̀rọ sí ilé ìkẹ́rùsí yín, ẹ wo ìrìn táwọn òṣìṣẹ́ ń rìn ná

Tí iṣẹ́ bá ń falẹ̀ nílé ìkẹ́rùsí, nǹkan tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni ká gba èèyàn sí i, tàbí ká máa wá róbọ́ọ̀tì bíi ti Amazon, tó ra Kiva Systems, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe róbọ́ọ̀tì, lọ́dún 2012 ní mílíọ̀nù 775 dọ́là kí ṣẹ́ẹ̀fù, ìyẹn pẹpẹ tí wọ́n ń to ọjà sí, lè máa wá bá òṣìṣẹ́ níbi tó dúró sí. Ẹ wo ohun tí wọ́n torí ẹ̀ náwó yẹn dáadáa, ìrìn ni. Ẹni tó ń ṣa ọjà táwọn oníbàárà béèrè, rírìn àti wíwá ọjà kiri ló ń jẹ àkókò ẹ̀ jù, gbígbé ọjà gan-an ò tó nǹkan. A sì lè dín ìrìn yẹn kù láìní róbọ́ọ̀tì kankan.

Torí náà, ẹ mú bírò àti ìwé, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé ẹnì kan tó ń ṣa ọjà látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Ẹ sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ẹ ò wá ṣọ́ ọ o, iṣẹ́ lẹ wá wò. Gbogbo ìgbà tó bá dúró béèrè pé "níbo lẹ kó o sí?", ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo ibi tó padà sí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ibẹ̀ lẹ máa ti mọ ohun tẹ́ ẹ nílò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fún gbogbo àyè ní àdírẹ́ẹ̀sì. B-04-2-3, ìyẹn ìlà B, ṣẹ́ẹ̀fù kẹrin, àjà kejì, àyè kẹta. Ẹ kọ 04, ẹ má kọ 4 lásán, torí kọ̀ǹpútà lè to 10 ṣáájú 2, òṣìṣẹ́ á wá máa lọ máa bọ̀ lásán. Ẹ tẹ báàkóòdù àdírẹ́ẹ̀sì náà, ìyẹn àwọn ìlà dúdú tí ẹ̀rọ ń kà, ara ṣẹ́ẹ̀fù ni kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ o, kì í ṣe ara páálí, páálí á lọ ṣẹ́ẹ̀fù á kù. Tó bá wà lókè téńté, ẹ lẹ lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀ síbi tójú tó, kẹ́ ẹ ya ọfà sí i.

Báàkóòdù ò le rárá, láti ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1974 ni wọ́n ti ń fi ta ọjà, ṣingọ́ọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ fi tà nílùú Troy ní Ohio. Nọ́ńbà 13 ló wà lára báàkóòdù EAN, irú èyí tó sábà máa ń wà lára ọjà inú ilé ìtajà, 12 àkọ́kọ́ ni wọ́n sì fi ń ṣírò ìkẹtàlá, tí nọ́ńbà kan bá ṣì, ìṣirò ò ní bára mu. Ẹni tó ń fọwọ́ kọ kóòdù ò ní irú ààbò yẹn. Tí òṣìṣẹ́ bá dé ibi ọjà, kó síkáànì àdírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ni pé kó fi ẹ̀rọ ka báàkóòdù ẹ̀, kó tó síkáànì ọjà, tí méjèèjì ò bá bára mu kí ẹ̀rọ náà ké.

Fóònù tó ní kámẹ́rà tó fún ilé kékeré, àmọ́ tó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọjà lẹ ń kó jáde, ẹ ra síkánà gidi, bátìrì fóònù ò ní gbà á. Kí sọ́fúwíà yín lè ṣiṣẹ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ. Ìgbà tí ṣẹ́ẹ̀fù bá kún ni kẹ́ ẹ yẹ Wi-Fi wò, torí irin àti ọjà olómi máa ń dí i lọ́wọ́. RFID náà wà, ìyẹn lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi ìgbì rédíò kà, ó dáa, ó lè ka páálí púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan láìrí wọn, àmọ́ irin àti omi ń dà á láàmú, ẹ dán an wò lára ọjà tiyín kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù rèé. Tẹ́ ẹ bá ti síkáànì fún oṣù kan, ẹ máa rí i pé ọjà díẹ̀ ló ń jáde lójoojúmọ́, ìyókù kàn ń sùn. Ẹ kó àwọn tó ń jáde wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń di ọjà, láàárín ìbàdí sí àyà, kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí gun àkàbà nígbà ọgọ́rùn-ún lójúmọ́. Ohun tó wúwo ò gbọ́dọ̀ wà lókè láé, ẹ̀yìn èèyàn ò ṣeé pààrọ̀. Ọjà tí wọ́n sábà máa ń rà pọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n múlé tira, àmọ́ àwọn tó jọra bí ìbejì, ẹ yà wọ́n. Kẹ́ni tó ń ṣa ọjà sì máa fi ọmọlanke kan ṣa ohun tí oníbàárà mẹ́rin márùn-ún béèrè lẹ́ẹ̀kan, kálukú nínú páálí tiẹ̀.

Kíka sítọ́ọ̀kì, ẹ máa kà á díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ dípò kẹ́ ẹ ti ilé pa lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ má sì jẹ́ kí iye tó wà nínú kọ̀ǹpútà hàn sẹ́ni tó ń kà títí á fi kà tán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi síkánà ṣe pàṣán. Ẹni tó ń gbé àpò ńlá àtẹni tó ń ṣa ọjà wẹ́wẹ́, ẹ ò lè fi iye tí wọ́n síkáànì wé ara wọn, ìwà ìkà ni. Ẹ fi wá ibi tí iṣẹ́ ti ń há. Ìlà kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ jẹ́ káwọn tó máa lò ó bá yín yan síkánà, àwọn ló mọ̀ bóyá ìbọ̀wọ́ ń dí bọ́tìnnì lọ́wọ́.

Tó bá di oṣù kẹta, ẹ padà tẹ̀ lé ẹni àkọ́kọ́ yẹn pẹ̀lú ìwé yín, ẹ ka "níbo lẹ kó o sí?" tó kù. Tí ìrìn bá ṣì pọ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ lè wá béèrè iye tí wọ́n ń ta róbọ́ọ̀tì báyìí.